Lẹ́yìn tí a bá ti ṣẹ́ kèké: bí ó ṣe yẹ ká ka èsì WOMAN

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá ni ọ̀kan nínú yín, tó ti di dókítà agbẹ̀bí ní àdúgbò wa níbí, láàárín Oṣòdì sí Ìsọlọ̀, fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ní, "Prof, ẹ kú ìsinmi sà. Ìwé WOMAN tí ẹ ní ká tún kà yẹn, wọ́n kọ́kọ́ sọ pé 0.81, nígbà tó yá wọ́n tún ní 0.78. Èwo ni ká mú sà? Àbí wọ́n kàn ń fi ìṣirò wá ohun tí wọ́n fẹ́ rí ni?"

Ìbéèrè gidi ni. Kò sì ṣẹ̀yìn wàhálà tó wà lọ́rùn òun fúnra rẹ̀. Ó fẹ́ ṣe ìdánwò ìwòsàn kékeré kan láàárín àwọn aláboyún tí ẹ̀jẹ̀ wọn ò tó. Ìṣirò rẹ̀ ní 800 obìnrin lòun nílò. Owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju ti 600 lọ. Ó wá kọ ọ́ sínú àbá rẹ̀ pé òun á gbé PCV tí obìnrin kọ̀ọ̀kan ní lọ́jọ́ tó wọlé sínú ìṣirò ìgbẹ̀yìn, pé ìyẹn á jẹ́ kí iye ènìyàn tí òun nílò dínkù. Ìgbìmọ̀ kan tí mi ò ní dárúkọ fa ìlà sí i. Wọ́n ní kèké ti mú gbogbo wọn dọ́gba, kí ló tún kù tó ń ṣàtúnṣe sí?

Gbólóhùn yẹn, "kèké ti mú wọn dọ́gba", ni mo fẹ́ bá jà lónìí. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà, ó sì ti jáde lẹ́nu èmi náà rí, lọ́dún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí ohun tí WOMAN ṣe, nítorí kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń ka ojú ewé yìí ló jẹ́ oníṣègùn. Láti 2010 dé 2016, àwọn olùṣèwádìí tí ibùjókòó wọn wà ní London School of Hygiene & Tropical Medicine kó obìnrin 20,060 jọ, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn lẹ́yìn ìbímọ, ní ilé ìwòsàn 193, ní orílẹ̀-èdè 21. Nàìjíríà wà lára wọn, ipa tiwa ò sì kéré. Bùkọ́lá Fáwọlé, ọ̀jọ̀gbọ́n ìgbẹ̀bí ní Ìbàdàn, wà lára àwọn tó ṣe kòkárí rẹ̀. Wọ́n ṣẹ́ kèké: apá kan gba tranexamic acid, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó ti dì tètè tú, apá kejì gba oògùn òfìfo tí ojú rẹ̀ jọ ti gidi. Àtẹni tó ń fúnni àtẹni tó ń gbà, kò sí ẹni tó mọ èyí tó wà nínú ìgò.

Nígbà tí The Lancet gbé èsì jáde ní 2017, nínú obìnrin 10,036 tó gba oògùn, ẹ̀jẹ̀ dídà pa 155, ìyẹn 1.5%. Nínú 9,985 tó gba òfìfo, ó pa 191, ìyẹn 1.9%. Fi ewu ti àkọ́kọ́ wé ti èkejì, 0.81 lẹ máa rí. Àlàfo tí wọ́n fi yí i ká bẹ̀rẹ̀ láti 0.65, ó sì dé 1.00, p jẹ́ 0.045. Ẹ sì mọ̀ pé 1.00 ni "oògùn yìí ò ṣe nǹkan kan". Nítorí náà èsì náà dúró lórí òpó ẹnu ọ̀nà: ẹsẹ̀ kan nínú ilé, ẹsẹ̀ kan lójúde. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá gbé ewu tí obìnrin kọ̀ọ̀kan ní kí oògùn tó wọ ara rẹ̀ sínú ìṣirò, èsì sì di 0.78, láti 0.62 dé 0.98, p 0.03. Ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé. Ìdí rèé tí ọmọ wa fi ń béèrè bóyá ẹnì kan ló tì í wọlé látẹ̀yìn.

Ká fi ilé ìwòsàn sílẹ̀ díẹ̀, ká bọ́ sí ojú títì. Ká ní mo fẹ́ mọ ọ̀nà tó yá jù láti abẹ́ bíríìjì Oṣòdì dé àárín Ìsọlọ̀: ṣé ẹsipirẹ́ẹ̀sì tó gba Ìyànà-Ìsọlọ̀ ni, àbí ọ̀nà inú tó gba Mafolúkù àti Àjàó? (Àpẹẹrẹ ni o, mi ò wọn ọ̀nà kankan. Orúnkún mi ò gba dánfó mọ́.) Mo kó ogún bébà sínú fìlà, mẹ́wàá fún ẹsipirẹ́ẹ̀sì, mẹ́wàá fún ọ̀nà inú, mo sì ń fa ọ̀kan yọ láràárọ̀. Ọjọ́ tí òjò ò bá rọ̀, ẹsipirẹ́ẹ̀sì ń gba ìṣẹ́jú 30, ọ̀nà inú ń gba 25. Ọjọ́ tí òjò bá ti ń rọ̀ kí n tó jáde nílé, ó di 60 àti 55. Ọ̀nà inú ló fi ìṣẹ́jú márùn-ún yá jù, òjò o, ẹ̀ẹ̀rùn o.

Ṣùgbọ́n kèké ò mọ òjò. Ó fún ẹsipirẹ́ẹ̀sì ní ọjọ́ òjò mẹ́ta, ó fún ọ̀nà inú ní márùn-ún. Ẹ mú bírò, ẹ ṣírò ẹ̀: tí a bá pín in dọ́gba, ẹsipirẹ́ẹ̀sì gba ìṣẹ́jú 39, ọ̀nà inú gba 40. Ẹni tí kò bá wo ojú sánmà á kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹsipirẹ́ẹ̀sì ló yá jù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dúró nìyẹn. Wọ́n á ní ó dáa, a ti gbọ́, ìgbà tí kèké bá ṣègbè nìkan là ń ṣàtúnṣe. Rárá o. Ẹ jẹ́ ká ní kèké ṣe é dáadáa, ó pín òjò ní mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹsipirẹ́ẹ̀sì á jẹ́ 42, ọ̀nà inú á jẹ́ 37, ìṣẹ́jú márùn-ún wa sì yọ jáde. Àmọ́ ẹ wo ìwé àkọsílẹ̀ ogún ọjọ́ yẹn bí ẹni tí kò mọ̀ pé òjò rọ̀: 25, 60, 30, 55, 25, 60. Ségesège gbáà! Ìyàtọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún ti sọnù sínú ìyàtọ̀ ọgbọ̀n. Onítọ̀hún á sọ pé kò dá òun lójú, pé kí n tún lọ fi oṣù méjì sí i wọkọ̀. Ẹni tó bá ya ọjọ́ òjò sọ́tọ̀ kúrò lára ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn á rí márùn-ún níhìn-ín, á rí márùn-ún lọ́hùn-ún, á sì ní kí n lọ jókòó.

Kèké máa ń gbà wá lọ́wọ́ ojúsàájú. Kì í gbà wá lọ́wọ́ ségesège. Iṣẹ́ méjì ni, ìgbìmọ̀ yẹn sì pa wọ́n pọ̀.

Ẹni tó kọ́ wa ní kèké gan-an kò pa wọ́n pọ̀. R. A. Fisher, tó jẹ́ kí ṣíṣẹ́ kèké di òfin nínú ìwádìí oko, ló tún fi ọ̀nà àtúnṣe yìí kún ìwé rẹ̀, Statistical Methods for Research Workers, nínú ẹ̀dà 1932. Àgbẹ̀ kankan á ye èyí. Tó o bá fẹ́ dán ajílẹ̀ tuntun wò, o mọ ebè tó so dáadáa lọ́dún tó kọjá, o mọ èyí tí kò so. O ṣẹ́ kèké láti yan ebè tí ajílẹ̀ máa wọ̀, kò sẹ́ni tó ní kó o má ṣe é. Àmọ́ ta ló ní kó o gbàgbé ìkórè èṣí?

Òfin kan ṣoṣo wà tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀: ohun tí a ti mọ̀ ṣáájú kèké nìkan ló lè wọ ìṣirò. Òjò òwúrọ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ọjà Aswani ń ná, bẹ́ẹ̀ ni. Ará Ìsọlọ̀ wo ni kò mọ ohun tí ọjọ́ Ìṣẹ́gun máa ń fojú ẹsipirẹ́ẹ̀sì rí? Ṣùgbọ́n ká ní dánfó taku lójú ọ̀nà nítorí kòtò, mo wá sọ pé màá yọ ọjọ́ tí mọ́tò taku kúrò kí ìfiwéra lè dọ́gba, mo ti ba nǹkan jẹ́. Kòtò wà lára ohun tí ọ̀nà náà fi ń pẹ́. Bákan náà ni ní WOMAN. Ọjọ́ orí obìnrin, bó ṣe bímọ, iye ẹ̀jẹ̀ tó ti dà kí wọ́n tó fún un lóògùn, bí ìfúnpá rẹ̀ ṣe rí, gbogbo ìyẹn ni wọ́n kọ sílẹ̀ ṣáájú, wọ́n ṣeé lò. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí i lára lẹ́yìn oògùn kò ṣeé lò, nítorí oògùn náà lè ti tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká padà sórí 0.81 àti 0.78, torí mo rí àwọn tó ń gbèjà àtúnṣe tí àwọn náà ń sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àtúnṣe "fún àlàfo pọ̀" ní WOMAN. Ẹ wò ó dáadáa. Nínú ìfiwéra báyìí, bí a ṣe ń wọn fífẹ̀ àlàfo ni pé ká fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ pín òkè. 1.00 sí 0.65, ìyẹn 1.54. 0.98 sí 0.62, ìyẹn 1.58. Àlàfo kejì ò tóóró ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó tilẹ̀ fẹ́ fẹ̀ jù ú lọ díẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé gbogbo rẹ̀ sún lọ sí apá òsì. Àárín ló kúrò ní 0.81 bọ́ sí 0.78, ó sì wọ́ etí méjèèjì dání.

Kí ló fà á? Ikú yàtọ̀ sí ìṣẹ́jú. Ìṣẹ́jú ṣeé wọ̀n, ikú jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Láti 1991 ni Robinson àti Jewell ti fi hàn pé nígbà tí ìbéèrè bá jẹ́ bẹ́ẹ̀-ni-bẹ́ẹ̀-kọ́, tí a sì lo logistic regression, àtúnṣe kì í fún àlàfo pọ̀. Ó lè mú un fẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀ á jìnnà sí "kò ṣe nǹkan kan", a ó sì lè tètè rí ipa tó bá wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àwọn méjèèjì pe èsì náà ní ohun ìyàlẹ́nu nínú àkọlé ìwé wọn, ó sì ṣì ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Odds ratio ni wọ́n ń sọ o. Ìfiwéra ewu fún ewu, irú èyí tí WOMAN lò, kò fi dandan ní láti sún bẹ́ẹ̀. Tó bá sún, ohun tí èmi máa kọ́kọ́ wò ni bóyá kèké ti ṣe bí ó ṣe ṣe sí ọ̀nà inú wa: bóyá àwọn obìnrin tó gba oògùn ni ọ̀rọ̀ wọn ti le díẹ̀ jù láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyàtọ̀ tín-ín-rín tó.

Nítorí náà, èsì mi fún ọmọ wa: kò sí màgòmágó nínú pé nọ́ńbà méjì wà. Ọ̀kan ń fi gbogbo obìnrin wé gbogbo obìnrin bí ẹni pé a ò mọ nǹkan kan nípa wọn. Èkejì ń fi ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ le wé ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ le. Ìbéèrè tó yẹ kó bi wọ́n ni pé ìgbà wo ni wọ́n pinnu èyí tí wọn yóò ṣe. Ètò ìṣirò WOMAN jáde nínú ìwé ìròyìn Trials ní 2016, ṣáájú èsì. Kí ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé 2017, kó máa fi ìlà wé ìlà. Bá a ṣe ń mọ olóòótọ́ nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn, kì í ṣe nípa ojú.

Tèmi ni pé ibi tí wọ́n fi nọ́ńbà kejì sí ni mo fẹ́ bá wọn wí sí. Nínú àkótán, ibi tí dókítà tí iṣẹ́ pá lórí máa ń kà mọ, 0.81 tó fara kan 1.00 ló wà. 0.78 wà nínú ikùn ìwé. Àwọn tó ń sọ pé "èsì náà kan ògiri" kò ka ikùn ìwé. Bẹ́ẹ̀ náà ni mi ò ní bá àwọn tó fẹ́ sọ 0.045 àti 0.03 di ọ̀run àti ayé jó. Ohun tó yí ọwọ́ àwọn agbẹ̀bí padà ni ti wákàtí mẹ́ta: láàárín àwọn tó gba ìtọ́jú kí wákàtí mẹ́ta tó pé lẹ́yìn ìbímọ, 89 ló kú lápá oògùn, 127 lápá òfìfo, ìfiwéra sì jẹ́ 0.69, láti 0.52 dé 0.91. Lọ́dún 2017 yẹn kan náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n máa lo oògùn náà láàárín wákàtí mẹ́ta.

Ohun mìíràn wà nínú WOMAN tí kì í jẹ́ kí n gbàgbé iye tí ìṣirò ń náni. Obìnrin 15,000 ni wọ́n kọ́kọ́ pinnu. Ikú láti ibikíbi, tàbí yíyọ ilé ọmọ, ni ìbéèrè àkọ́kọ́. Nígbà tí iṣẹ́ ń lọ, wọ́n rí i pé ìgbà tí wọ́n ń ṣẹ́ kèké lọ́wọ́ gan-an ni àwọn dókítà sábà máa ń pinnu láti yọ ilé ọmọ, kí oògùn tó ráyè ṣe iṣẹ́ kankan. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ti bàjẹ́ nìyẹn (0.97 ló padà já sí), wọ́n sì fi obìnrin 5,000 kún un kí wọ́n lè rí ti ikú láti ọ̀dọ̀ ẹ̀jẹ̀. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn. Ṣé àtúnṣe ì bá ti gbà wọ́n sílẹ̀? Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ikú bá ṣọ̀wọ́n bí 2%, ohun tí àtúnṣe lè fi kún un kò pọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín bí agbo tó ń wo gbogbo àrùn. Ní 2023, WOMAN-2 gbìyànjú oògùn kan náà, ní Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè mẹ́ta mìíràn, láti dènà ẹ̀jẹ̀ dídà lára àwọn 15,068 tí ẹ̀jẹ̀ wọn ò tó: 7.0% sí 6.6%, kò dènà nǹkan kan. Kò sí àtúnṣe tó lè fi ojúlówó ipa síbi tí kò sí.

Ibi tí àtúnṣe ti ń jẹ́ owó gidi ni irú iṣẹ́ tí ọmọ wa fẹ́ ṣe, níbi tí ohun tí à ń wọ̀n jẹ́ iye. Bí PCV ìbẹ̀rẹ̀ àti PCV ìgbẹ̀yìn ṣe ń rìn pọ̀ tó, ẹ pè é ní r. Ẹ sọ r di ìlọ́po ara rẹ̀. Ìdá yẹn ni ségesège tó máa lọ, iye ènìyàn tí a nílò á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dínkù tó bẹ́ẹ̀. Tí r bá jẹ́ 0.3, 9% péré, kò tó nǹkan. Tó bá jẹ́ 0.5, 25%: 800 di 600. Tó bá jẹ́ 0.7, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Àwọn obìnrin 200 tí ẹnikẹ́ni ò ní gún lábẹ́rẹ́ lásán nìyẹn.

Lórí èyí, mo ní ẹjọ́ kékeré pẹ̀lú ìdánwò kan tó ṣẹlẹ̀ lẹ́bàá wa níbí, tó sì jẹ́ iṣẹ́ tó mú orí mi wú. IVON, tí Bọ́sẹ̀dé Afọlábí ti Yunifásítì Èkó ṣáájú rẹ̀, pín aláboyún 1,056 ní Èkó àti Kánò sí méjì: oògùn ẹ̀jẹ̀ oníhóró, tàbí èyí tí wọ́n ń fà sínú iṣan. Èsì rẹ̀ jáde nínú The Lancet Global Health ní 2024. Nínú ìbéèrè àkọ́kọ́ rẹ̀ ni bóyá hemoglobin obìnrin ṣì wà lábẹ́ 11 nígbà tí oyún pé ọ̀sẹ̀ 36. Lórí ìyẹn, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ìyàtọ̀. Ẹ wo ohun tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Obìnrin tó wọlé pẹ̀lú 8, tó gòkè dé 10.9, wọ́n kọ ọ́ sí "kò yè é". Èyí tó wọlé pẹ̀lú 9.9, tó dé 11.0, "ó yè é". Mi ò sọ pé wọn ò wo hemoglobin gẹ́gẹ́ bí iye níbòmíràn nínú ìwé náà. Mo mọ̀ pé dókítà fẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, torí ó gbọ́dọ̀ pinnu nǹkan kan nídìí bẹ́ẹ̀dì. Àmọ́ ẹni tó bá dá rúlà sí méjì kó tó wọn aṣọ, kó má ṣe ráhùn pé yáàdì ò pé.

Ìgbìmọ̀ wa ńkọ́? Tó bá jẹ́ pé ẹ̀rù òkèèrè ló ń bà wọ́n, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà gbé ìlànà jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní oṣù karùn-ún 2023. Wọ́n gba àtúnṣe láyè, wọ́n ní ó lè mú èsì dájú sí i, níwọ̀n ìgbà tí a bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú, tí ó sì jẹ́ ohun tí a wọ̀n ṣáájú kèké. Ohun tí ọmọ wa kọ nìyẹn gan-an, tí wọ́n fa ìlà sí.

Ṣùgbọ́n mo bá òun náà wí. Níbo ló ti rí i pé r á jẹ́ 0.5? Ó ní òun fojú bù ú ni. Mo ní, "Ìyẹn ò lè dúró níwájú ìgbìmọ̀ o, ọmọ mi. Bí 0.3 bá wà níbẹ̀, 600 rẹ á kéré, wàá sì ti fi ìpinnu àwọn obìnrin yẹn tàfàlà." Mo ní kó gba àṣẹ, kó kó káàdì àwọn aláboyún ọdún tó kọjá jọ, kó wo PCV ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ àti ti oṣù kẹjọ lórí káàdì kan náà, kó ṣírò bí wọ́n ṣe ń rìn pọ̀, kó wá gbé iye yẹn padà lọ bá wọn. Ó ní wọ́n á ṣí yàrá káàdì fún òun lọ́jọ́bọ̀. Tó bá rí i, màá sọ fún yín.